Iná bàìbàì, klíìmù tí kò tutù: waya ni ká kọ́kọ́ bi

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọjà fún ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní abúlé, bí a ti sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ láti Kútọnú

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ jọ̀ọ́ mú bírò rẹ̀ sọ́wọ́, torí àwọn nọ́ńbà kan ń bọ̀ tí a máa fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ yàrá ni. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ ló ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnú ra klíìmù wá sílé, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù, kí ìyá òun lè máa sùn nínú atẹ́gùn tútù. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá a gbé e kọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti tan án, gílóòbù yàrá á di bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, klíìmù á máa kùn hùn-ún, kò sì ní tutù. Ìyá wá ní: "Ẹ bá mi wò ó, ṣé ayédèrú klíìmù ni wọ́n tà fọ́mọ mi ni, àbí iná ìlú ni kò dáa?"

Màmá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín kì í ṣe tiyín nìkan. Ó lè má jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó wà láàárín iná ìlú àti klíìmù, ìyẹn waya, òun ni ká kọ́kọ́ bi. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Òru ọjọ́ kan ní Agla

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kútọnú, yàrá kan ni mo gbà ní Agla. Onílé wa kò ní mítà iná tirẹ̀. Ilé kẹta sí wa la ti ń fa iná. Waya náà gba orí igi mángòrò, ó gba orí páànù, ó gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní toile d'araignée, ìyẹn òwú aláǹtakùn, torí pé bẹ́ ẹ bá gbójú sókè, bí ilé aláǹtakùn gan-an ló rí. Kì í ṣe pé ó wu àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ o. Òpó iná jìnnà, owó mítà kò tíì pé, bẹ́ẹ̀ alẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́, bí gbogbo èèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n tan fáànù, tí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù mi á pọ́n bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Mo ra gílóòbù tó tóbi jù ú lọ, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó yá, mo ra klíìmù àlòkù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní venu de France. Mo ki ẹnu rẹ̀ bọ príìsì olójú mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ibùsùn, èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ti wà lórí rẹ̀. Inú mi dùn. A ti ilẹ̀kùn, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa, a sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, òórùn kan jí ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ló ń jó?" Mo ní bóyá aládùúgbò ló ń sun pàǹtí. Ó ní rárá o, ó ń rùn bíi rọ́bà. Mo fọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn ibùsùn, ó gbóná. Príìsì olójú mẹ́rin yẹn ti yọ́ bí òrí. Etí fóòmù tí ọmọ wa fẹ̀gbẹ́ lé ti dúdú. Mo gbé ọmọ, mo sáré jáde lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí a ti ń fa iná pé kó bá wa pa á, torí pé lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun kan tí a lè fi pa iná. Ẹ gbọ́ o: kò sí ohun kan! Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí mo fi ń kan ilẹ̀kùn yẹn gùn ju ọdún lọ lójú mi.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò farapa. Àwọn àgbà ní iná ẹ̀sìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ pe bàbá oníná kan wá. Mo ní, "Bàbá, klíìmù yìí ni kò dáa." Ó wo waya náà láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, klíìmù rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lo ní kí tírélà máa gbà."

Kí ló dé tí waya fi ń gbóná?

Ẹ ronú nípa Dantokpa lọ́jọ́ ọjà. Bí obìnrin kan bá ru apẹ̀rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tóóró láàárín ìsọ̀, kíá ló kọjá. Bí ọgọ́rùn-ún obìnrin bá fẹ́ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa fara gbún ara wọn, ibẹ̀ á gbóná, díẹ̀ ni yóò sì tètè dé òdì kejì. Bí iná ṣe ń gba inú waya nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Gílóòbù LED tí wọ́n kọ wáàtì 9 sí lára máa ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60. Klíìmù ẹṣin kan ń fa nǹkan bíi wáàtì 900. Ẹ bá mi pín in: gílóòbù LED ọgọ́rùn-ún ni klíìmù kan ṣoṣo. Bó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ohun tó ń fà ní ìwọ̀nba àsìkò yẹn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìdí nìyí tí gílóòbù fi máa ń ṣẹ́jú.

Iná ilé wa níbí, fóòtì 220 ni. Bí waya bá tín-ín-rín, tó sì gùn, fóòtì á máa dín kù lójú ọ̀nà. Èyí tó kúrò nídìí mítà ní 220 lè di 170 kó tó dé yàrá. Gílóòbù á di bàìbàì. Ọkàn klíìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, á fẹ́ gbéra, agbára kò ní tó, á máa kùn, á máa gbóná, títí yóò fi jó. Iná tó sọnù sójú ọ̀nà ńkọ́? Ooru ló dì nínú waya. Ibi tí wọ́n ti so waya méjì pọ̀, tí wọ́n kàn lọ́ ọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé e, ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù. Mítà sì ti ka gbogbo rẹ̀. Ooru tó fẹ́ sun ilé yín, owó yín lẹ fi rà á.

Akọ̀wé, ẹ kọ èyí sílẹ̀. Waya 1.5 ni ti gílóòbù. Waya 2.5 ni ti príìsì, òun náà ni ti klíìmù ẹṣin kan tàbí ẹṣin kan ààbọ̀. Klíìmù gbọ́dọ̀ ní waya tirẹ̀ láti ìdí àpótí iná wá, kò gbọdọ̀ bá fáànù àti tẹlifíṣọ̀n jẹun nínú àwo kan. Kó ní disjoncteur tirẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ohun kékeré inú àpótí iná tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Fún waya 2.5, kí nọ́ńbà ara disjoncteur má ju 20 lọ. Bó bá ń já léraléra, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbà o. Ajá tó ń gbó lóru, a kì í pa á torí ká lè sùn. Ẹ tún bi oníná yín léèrè èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Òun ló máa ń já iná nígbà tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá.

Ṣé iná ìlú kò ní ẹ̀bi kankan ni?

Ó ní. Iná tí SBEE ń tà fún wa, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Láti ọdún 1968 ni Benin àti Tógò ti dá CEB sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa wá iná. Akosombo ní Gánà ń fún wa, ìsédò Nangbéto ní Tógò ń fún wa láti 1987, waya ńlá láti Nàìjíríà gba Sàkẹ́tẹ́ wọlé ní 2007, ilé iṣẹ́ iná Maria-Gléta tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọsẹ̀, délestage lè dé títí dé yàrá yín.

Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó jẹ̀bi? Ó rọrùn. Bí iná bá ń di bàìbàì ní gbogbo ojúlé àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, ìlú ni. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tan klíìmù yín nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, waya yín ni. Màmá tó kọ̀wé sí wa, ẹ bi àwọn aládùúgbò yín lálẹ́ yìí. Ìdáhùn á dé.

Ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe

Bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ waya, ọ̀pọ̀ ìdààmú klíìmù kò nílò oníná. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná níbi àpótí, kẹ́ ẹ sì sọ fún ará ilé kí ẹnikẹ́ni má tàn án.

Àkọ́kọ́, ẹ fọ asẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí iwájú klíìmù, ẹ ó rí asẹ́ tó ń gba eruku dúró. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji kó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni, nígbà ọyẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Asẹ́ tó dí ló ń fà á tí ọ̀pọ̀ klíìmù kì í fi í tutù.

Ìkejì, bí omi bá ń kán sínú yàrá, ẹ wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde. Kòkòrò tàbí ìdọ̀tí lè ti dí i.

Ìkẹta, ẹ dí ihò. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní naco, kò ṣe é ti pa dáadáa. Yàrá tó ní naco tó ń jò dà bí amù tó lu. Ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́ rẹ̀ á máa da ooru lé yín lórí, klíìmù kò lè borí rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ má fi í sí 16 pé kó lè tètè tutù. Kì í tètè tutù, kàkà bẹ́ẹ̀ kò ní sinmi ni. Ẹ fi í sí 25, kẹ́ ẹ tan fáànù díẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkarùn-ún, bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tan klíìmù. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè máa fò sókè sódò.

Ìkẹfà, bí klíìmù bá ti ṣiṣẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó gbẹ kan ike ẹnu rẹ̀ tó wà nínú príìsì, tí kò bá sí waya tó ṣí síta níbẹ̀. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ lọ pa iná níbi àpótí, kẹ́ ẹ má tàn án mọ́ títí oníná yóò fi dé.

Ohun tó jẹ́ ti oníná

Ẹ má ṣí inú klíìmù. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní condensateur, ó ń tọ́jú iná pamọ́. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó ṣì lè gbá èèyàn. Ẹ má fọwọ́ kan inú mítà. Ẹ má fa iná láti ilé sí ilé.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ńkọ́? Gáàsì klíìmù kì í ṣe epo mọ́tò tó ń tán. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Bí yìnyín bá ń dì sára páìpù rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọ asẹ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tó ń wá rọ gáàsì fún yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta láìwá ojú ibi tó ń jò, owó yín ló ń tọ́jú, kì í ṣe klíìmù.

Bẹ́ ẹ bá ń ra waya lọ́jà

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára waya. Ẹ ní kí ọlọ́jà gé orí rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha irin inú rẹ̀. Bó bá pupa títí wọnú, bàbà ni. Bó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ni bí bàbà ni, ó máa ń tètè gbóná jù ú lọ. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ rántí etí fóòmù ọmọ mi.

Àwa tó múlé gbe ààlà, ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Ọjà tó ti Nàìjíríà wọlé máa ń ní ẹnu oníka mẹ́ta pẹlẹbẹ. Príìsì tiwa, ihò róbótó méjì ló ní. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé ẹnu náà dànù, tí wọ́n ki waya ìhòòhò bọ ihò, tí wọ́n fi igi ìṣáná há a. Ẹ jọ̀ọ́, ikú ń bẹ níbẹ̀. Ìka kẹta yẹn, ti waya ilẹ̀ ni, òun ló ń kó iná lọ sílẹ̀ bó bá yà bá ara ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ sí èyí tó bá príìsì wa mu, kí waya ilẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Àwọ̀ waya tún lè tanni jẹ. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tó tẹ̀lé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, waya pupa ni iná wà, dúdú ni ti àbọ̀. Lọ́dọ̀ wa tí a tẹ̀lé ìlànà Faransé, bulu ni ti àbọ̀. Iná lè wà nínú dúdú! Oníná tó kọ́ṣẹ́ ní ìhà kan ààlà tó wá ń ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì lè fi bọ́tìnì sórí waya tí kì í ṣe òun. Gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná á ṣì wà ní ibi tí a ń de gílóòbù mọ́. Bí gílóòbù LED yín bá ń tàn fírífírí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á, ó lè jẹ́ àmì èyí. Ẹ má pààrọ̀ gílóòbù pẹ̀lú bọ́tìnì ògiri nìkan o. Ibi àpótí ni kẹ́ ẹ ti pa á.

Yàrá tí a tì pa

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé klíìmù ń mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Rárá o. Èyí tí a ń gbé kọ́ ògiri, tí ìdajì rẹ̀ wà níta, afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń yí po. Nítorí náà, ẹ má gbé ìkòkò èédú tàbí sítóòfù sínú yàrá tẹ́ ẹ tì pa. Nígbà délestage, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìbáà jẹ́ nítorí olè. Èéfín olóró kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbóòórùn. Orí fífọ́, òòyì, èébì, lẹ́yìn náà oorun tí a kì í jí. Bó bá ń ṣe ará ilé méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kó gbogbo èèyàn síta, kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Bí iná bá gbá ẹnìkan, ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ pa iná ná. Bí kò bá ṣe é pa, ẹ dúró lórí nǹkan gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ ti waya kúrò lára rẹ̀. Bí waya bá ń jó, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa iná, kẹ́ ẹ bu yanrìn lé e. Ẹni tó jóná, omi tútù ni kẹ́ ẹ máa dà sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Nínú ilé yín, níbo lẹ ti lè pa iná gbogbo ilé? Ṣé ọmọ ọdún méwàá mọ ibẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó o?
2. Ta ló ń fa iná láti ilé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wa? Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ wo bóyá ilé bíi mẹ́rin lè dáwó, kí wọ́n jọ lọ béèrè mítà.
3. Príìsì wo ló wà lẹ́yìn ibùsùn yín? Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ yìí.

Màmá tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní kí wọ́n pa klíìmù yẹn títí oníná yóò fi wá fa waya 2.5 fún un láti ìdí àpótí. Ọmọ yín kò ṣe àṣìṣe. Ìfẹ́ ló fi rà á, waya ló kù. Ẹ lo fáànù ná. Àwọn bàbá wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èyí tó wà lẹ́yìn ibùsùn gan-an ńkọ́?

Ó dàárọ̀ o. Ká sùn re, ká jí re.